Mo ti lé lọ́mọ ọdún 35, irorẹ́ ò tíì fi mí sílẹ̀

Àbẹ̀kẹ́35

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 14, wọ́n ní ara tó ń dàgbà ni, pé bí mo bá ti pé ogún ọdún, irorẹ́ á lọ. Ogún ọdún pé, wọ́n ní ó dìgbà tí mo bá bímọ. Mo bímọ, ó tún le sí i. Ní báyìí gbogbo wọn ti dákẹ́, wọn ò rí ọjọ́ mìíràn dá fún mi mọ́.

Kì í ṣe iwájú orí ló ti ń yọ mọ́. Àgbọ̀n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ nísàlẹ̀ ló kó sí, títí dé ọrùn. Kì í ní orí funfun tí èèyàn á rí. Abẹ́ awọ ló ń jókòó sí, á le, á máa ro mí. Tí mo bá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìrọ̀rí lóru ni mo máa ń mọ̀ pé òmíràn ti ń bọ̀, kí dígí tó sọ fún mi. Bó bá ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí n rí nǹkan oṣù mi ló ń pọ̀ jù. Bó bá lọ, á fi àmì dúdú sílẹ̀, àmì yẹn ò sì ní tíì ṣí tí òmíràn á fi gorí ẹ̀.

Tí a bá ń ṣèpàdé lórí fídíò, ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ni mo máa ń kọ sí kámẹ́rà. Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ bi mí lójú gbogbo èèyàn pé ṣé n kì í fọ ojú ni. Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni ǹ bá ṣe?

Ìbéèrè mi: kí ló dé tí kò fi tán? Ẹ̀ẹ̀kejì, dókítà fún mi ní ìpara kan, ojú mi mọ́ kedere, mo bá pa ìpara tì. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹ̀ fi padà wá. Ṣé títí ayé lèèyàn á máa lò ó ni?

Ewé_Ń_Jẹ́

Arábìnrin, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí gbogbo ojú láàárọ̀. Tó bá dalẹ́, ẹ fi ọṣẹ ìfọyín lé orí èyí tó bá wú. Ẹ̀jẹ̀ tó dọ̀tí ló ń fà á, ẹ wá oògùn ìfọ̀jẹ̀ mu sí i. Ẹ ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Apoògùn_Tòótọ́

Ẹ̀gbọ́n Ewé, mo júbà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yọ ọsàn kúrò níbẹ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń ta awọ. Tí èèyàn bá fi sójú tó wá bọ́ sínú oòrùn, ó lè jó o débi tí á fi lé ròrò, ojú ibẹ̀ á sì dúdú fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọṣẹ ìfọyín náà, ẹ dá a padà fún eyín. Ó ń gbẹ òkè awọ, èyí tó wà nísàlẹ̀ ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fi nǹkan kan òun.

Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀jẹ̀ kọ́, ìdọ̀tí náà kọ́. Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá yín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò irun wẹẹrẹ tó wà lójú, àpò kékeré kan wà tó ń pèsè òróró. Họ́mónù tí wọ́n ń pè ní androgen, tọkùnrin tobìnrin ló ní in, òun ló ń sọ fún àpò yẹn pé kó tú òróró jáde. Bí awọ tó ti kú ò bá ṣí kúrò lẹ́nu ihò, á lẹ̀ mọ́ òróró, ihò á dí. Bakitéríà kan tó ń gbé lára gbogbo wa, Cutibacterium acnes (Propionibacterium acnes ni orúkọ ẹ̀ títí di 2016), á ráyè bí sí i níbẹ̀. Ara á wá gbógun tì í. Ogun yẹn la fi ń rí i tó ń wú, tó ń ro ni, tó ń kó ọyún. Gbogbo ìyẹn ń ṣẹlẹ̀ níbi tí kànìnkànìn ò lè dé. Ẹni tó ń fi kànìnkànìn ha ojú, wíwú ló ń fi kún. Ọṣẹ tí kò le, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ti tó.

Ìdí tí kò fi tán nìyí: ọ̀pọ̀ obìnrin tí irorẹ́ bá wọ àgbà, tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, họ́mónù wọn wà níwọ̀n tó yẹ. Àpò òróró wọn ló ń tètè jẹ́ ìpè họ́mónù ju ti ẹlòmíì lọ, ó sì máa ń rìn nínú ìdílé. Àgbọ̀n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú nǹkan oṣù: bí ti àgbà obìnrin ṣe máa ń ṣe gan-an lẹ kọ sílẹ̀ yẹn.

Ìpara wo ni wọ́n fún yín?

Àbẹ̀kẹ́35

Adapalene ni, 0.1%. Ó ṣiṣẹ́, mi ò lè parọ́. Ṣùgbọ́n ó gbẹ mí lójú, ẹ̀gbẹ́ imú mi ń bó, tí omi bá kàn án á máa ta mí. Ìdí tí mo fi yára pa á tì nìyẹn nígbà tí ojú mọ́.

Ojú_Dán

Ẹ gbà mí gbọ́, ẹni kan wà tó ń po ìpara tiẹ̀ fúnra ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta, ojú á dán bíi dígí, gbogbo àmì dúdú á lọ. Ẹ kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀.

Apoògùn_Tòótọ́

Ìpara tí kò ní orúkọ ohun tó wà nínú ẹ̀ lára, tó ń mú ojú dán láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sá fún un. Steroid ló sábà máa ń wà nínú irú ẹ̀, nígbà míì wọ́n á tún fi oògùn ìbóra sí i. Steroid á pa wíwú kíá, òótọ́ ni. Tó bá wá pẹ́ lójú, awọ á fẹ́lẹ́, irorẹ́ tuntun á yọ, wẹẹrẹ wẹẹrẹ tó dọ́gba, lọ́jọ́ téèyàn bá sì dá a dúró, ojú á gbiná. Mo ti rí i lójú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ju bí mo ṣe fẹ́ rí i lọ.

Ká padà sọ́dọ̀ Àbẹ̀kẹ́. Èsì ìbéèrè yín kejì wà nínú orúkọ oògùn yẹn. Adapalene àti ẹbí ẹ̀ bíi tretinoin kì í wo irorẹ́ tó ti yọ síta nìkan, iṣẹ́ wọn gan-an ni pé kí ihò má dí. Èyí tó yọ lónìí ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ awọ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Ìdí tí a fi ń ní kí èèyàn dúró fún ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kó tó dá a lẹ́jọ́ nìyẹn, kódà ó lè le díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá wá dá a dúró, ihò á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Ẹ̀gbọ́n Ewé ló kúkú mẹ́nu ba ọṣẹ ìfọyín: ṣé ẹni tó fọ eyín lánàá ti parí eyín fífọ̀ ni? Nígbà tí ojú mọ́ yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ bi dókítà pé báwo ni kí n ṣe máa lò ó kó lè dúró bẹ́ẹ̀. Àwọn míì á dín in kù sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, á sì tó wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò sẹ́ni tó sọ èyí fún wọn rí, wọ́n á rò pé oògùn ò ṣiṣẹ́.

Ní ti gbígbẹ, ẹ jẹ́ kí ojú gbẹ dáadáa lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́ lálẹ́. Adapalene tó tó hóró ẹ̀wà kan ti tó fún gbogbo ojú. Ẹ má kàn tò ó sórí irorẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan o, torí ibi tí kò tíì yọ lẹ̀ ń dáàbò bò. Ẹ fo ẹ̀gbẹ́ imú, ìpéǹpéjú àti igun ẹnu. Ìpara amáwọrọ̀ tí kò ní òórùn dídùn nínú, ẹ fi í sí ṣáájú, ẹ tún lè fi í sí lẹ́yìn ẹ̀. Ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ máa fo alẹ́ kan sí méjì láàárín. Bí ara bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ wá sọ ọ́ di alaalẹ́.

Tí ẹ bá ń gbèrò àtilóyún, ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà kó yí i padà. Azelaic acid la sábà máa ń fi rọ́pò ẹ̀ fún aboyún.

Onírùngbọ̀n

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọkùnrin kún un. Iwájú orí àti àyà ni tèmi, wẹẹrẹ wẹẹrẹ, gbogbo ẹ̀ dọ́gba bí ẹni fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, ó sì ń yún mí, pàápàá tí mo bá làágùn. Wọ́n fún mi ní oògùn apakòkòrò mu, ó tún gbilẹ̀ sí i. Dókítà awọ ara tí mo lọ bá lẹ́yìn náà wò ó, ó ní irorẹ́ kọ́, pé olú tíntìntín kan tí a kì í fojú rí, tó ń jẹ́ Malassezia, ló wọ inú ihò irun. Oògùn apakòkòrò ń pa bakitéríà tó yẹ kó máa bá olú yẹn du àyè, olú wá rọ́wọ́ mú. Ketoconazole, oògùn apa-olú tí wọ́n ń fi fọ orí, ni wọ́n ní kí n máa fi fọ àyà àti iwájú orí, kí n jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kí n tó ṣàn án. Ó lọ.

Ti àgbọ̀n mi tún yàtọ̀. Irun tí mo fá ló ká padà wọnú awọ. Mo jáwọ́ nínú fífá a mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹ̀rọ tó ń dá díẹ̀ sílẹ̀ ni mò ń lò. Nǹkan méjì lójú ẹnì kan ṣoṣo, gbogbo ayé sì ń pè é ní irorẹ́.

Apoògùn_Tòótọ́

Ọ̀rọ̀ gidi. Èyí tó bá ń yún, tó sì dọ́gba, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó kẹ́ ẹ tó fi oògùn irorẹ́ sí i. Ẹni tó bá sì ń fi òróró pa irun, tí iwájú orí ẹ̀ ń yọ, kó wo ibi tí òróró náà ń ṣàn gbà.

Doxycycline, oògùn apakòkòrò táwọn kan ń rà fúnra wọn: kì í ṣe oògùn àjẹsùn. Oṣù 3 sí 4 la máa ń fi í mọ, benzoyl peroxide, oògùn àfipara tó ń pa bakitéríà, sì gbọ́dọ̀ wà lójú pẹ̀lú ẹ̀ kí bakitéríà má bàa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́gun ẹ̀.

Ìyá_Wúrà

Àbẹ̀kẹ́, ṣé nǹkan oṣù tìrẹ ń dé lásìkò? Mò ń béèrè torí tèmi máa ń fo oṣù méjì, mẹ́ta. Irun tó nípọn wá ń hù lágbọ̀n mi, èyí tí mò ń fi ẹ̀mú fà láràárọ̀ kí n tó jáde. Mi ò so méjèèjì pọ̀ mọ́ irorẹ́ rárá. Àyẹ̀wò ló fi hàn pé PCOS ni, àìsàn họ́mónù tó ń ṣe obìnrin. Họ́mónù androgen mi ga lóòótọ́, kì í ṣe ti àpò òróró nìkan.

Dókítà fi spironolactone sí tèmi. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lé omi jáde lára ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n ó tún ń dí androgen lọ́wọ́. Kì í yá o. Oṣù mẹ́ta kọjá kí n tó rí ìyàtọ̀ tó ṣe é fọwọ́ sọ̀yà. Mo ń tọ̀ ṣáá níbẹ̀rẹ̀, nǹkan oṣù mi sì tún dàrú díẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọ́dọ̀ lóyún lórí ẹ̀, pé ó lè ṣàkóbá fún ọmọ ọkùnrin tó bá wà nínú.

Ohun kan tí mo tún gbọ́ lọ́dọ̀ wọn: ìfètòsọ́mọbíbí tó ní estrogen àti progestin (họ́mónù obìnrin méjì) pọ̀ máa ń dín irorẹ́ kù fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ progestin nìkan, bí abẹ́rẹ́ tàbí èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ apá, lè mú un pọ̀ sí i fún àwọn míì. Tó bá jẹ́ pé irú ẹ̀ lo ṣe lẹ́yìn ọmọ, bi wọ́n léèrè.

Àbẹ̀kẹ́35

Ẹ̀gbọ́n mi, ti abẹ́ apá ni mo ṣe lẹ́yìn tí mo bímọ! Ó wà lára mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Kò sẹ́ni tó bi mí rí. Nǹkan oṣù mi ń dé lásìkò ní tiwọn, ṣùgbọ́n mo máa béèrè.

Apoògùn_Tòótọ́

Ẹ béèrè, ṣùgbọ́n ẹ má lọ yọ ọ́ nítorí ohun tẹ́ ẹ kà níbí. Ó lè jẹ́ òun, ó lè má jẹ́ òun. Irorẹ́ ti wà lójú yín láti ọmọ ọdún 14.

Ẹnu_Ò_Sinmi

Oúnjẹ ńkọ́? Wọ́n ní kí n má jẹ ọ̀rá mọ́.

Apoògùn_Tòótọ́

Ọ̀rá oúnjẹ kì í gba inú ikùn bọ́ sójú. Ohun tí ẹ̀rí wà fún díẹ̀ ni oúnjẹ tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ fò sókè, àti wàrà fún àwọn kan. Àwọn tó ń gbé irin, ẹ wo ìyẹ̀fun whey, tí wọ́n ń fi wàrà ṣe, tí ẹ ń pò mu. Ẹni tó bá ń gún abẹ́rẹ́ testosterone kó lè tóbi, kò tún nílò kó béèrè ohun tó fà á.

Mo_Ti_Gbàgbé

Ẹ̀yìn mi, àyà mi, ojú mi, gbogbo ẹ̀ ló dàrú tẹ́lẹ̀. Mi ò lè fara ti àga. Isotretinoin oníhóró ló gbà mí. Ó ti wà lọ́jà láti 1982, òun nìkan sì ni mo mọ̀ tó ń bá gbogbo ohun tí Apoògùn kà sílẹ̀ jà: òróró, ihò dídí, bakitéríà àti wíwú.

Kì í ṣe oògùn eré. Ètè mi là débi pé tí mo bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ á yọ. Imú mi ń ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n ń yẹ ẹ̀dọ̀ mi àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mi wò. Wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ mu doxycycline mọ́ ọn torí méjèèjì pọ̀ lè mú kí ìfúnpá inú agbárí ga, n kò sì gbọ́dọ̀ lo vitamin A oníhóró. Wọ́n tún máa ń bi mí bí ọkàn mi ṣe rí ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ gbọ́ o. Ó ń ba ọmọ inú jẹ́, àlébù ńlá ni. Dókítà ò ní kọ ọ́ fún obìnrin tó lè lóyún láìsí àyẹ̀wò oyún àti ìfètòsọ́mọbíbí tó dájú, láti oṣù kan ṣáájú títí di oṣù kan lẹ́yìn tó bá parí. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́.

Irorẹ́ mi ò padà. Ti ẹni tá a jọ bẹ̀rẹ̀ padà, ó lò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Akéwì_Òru

Mo ti ka gbogbo yín tán. Èmi ò fi nǹkan kan sí tèmi mọ́, mo sì fẹ́ kí ẹnì kan sọ pé ìyẹn náà wà.

Nígbà tí mo ṣì kéré, mo máa ń jí ṣáájú ẹni tá a jọ ń gbé yàrá, kí n lè fi páúdà bojú kí iná tó tàn. Kò sí àárọ̀ kan tó rí mi bí mo ṣe rí. Nígbà tó yá ni mo wá rí i pé irorẹ́ gan-an kì í dùn mí tó ẹnu èèyàn. Gbogbo ẹni tó bá rí ọ ti di dókítà. Dípò kí wọ́n béèrè àlàáfíà, "kí ló ṣe ojú ẹ?" ni. Mo wá ní ìdáhùn kan ṣoṣo báyìí: "Irorẹ́ ni, mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Báwo lará ilé?" Tí mo bá ti béèrè ará ilé, ará ilé ni wọ́n á dáhùn.

Àbẹ̀kẹ́, ìjọsí tí ọ̀gá yẹn sọ̀rọ̀, o bi wá pé kí lò bá ṣe. O ò jẹ ẹ́ ní ẹ̀rín kankan.

Àbẹ̀kẹ́35

Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn èyí. Mo máa lo ti ará ilé yẹn. Ṣùgbọ́n mi ò lè pa ìpara tì bíi tiyín, tèmi ń dùn mí lára gan-an. Tí mo bá ń jẹun, mo ń mọ̀ ọ́n.

Apoògùn_Tòótọ́

Akéwì, ẹni tí kò bá fẹ́ tọ́jú ẹ̀, ojú ẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó lè bá a jà. Ohun tí mo fi ń rọ àwọn tí tiwọn wà lábẹ́ awọ ni àpá. Èyí tó jinlẹ̀ lè dá kòtò sójú, lára àwọn míì á di àpá tó wú sókè lágbọ̀n, léjìká, láyà. Ìyẹn ò ní bá irorẹ́ lọ. Bí ẹyọ kan bá wú gan-an, dókítà lè fún un lábẹ́rẹ́ steroid díẹ̀ sínú, á sọ̀ láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan. Ó sàn ju kẹ́ ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá sì rí i pé irorẹ́ ti ń lé yín kúrò láàárín èèyàn, tí oorun ò wá, ẹ sọ ọ́ fún dókítà gẹ́gẹ́ bí apá kan àìsàn náà. Ó máa ń yí oògùn tí wọ́n á yàn padà.

Àmì dúdú tí Àbẹ̀kẹ́ ń sọ, kì í ṣe àpá. Àwọ̀ tí wíwú fi sílẹ̀ ni, ó pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú, á sì lọ, ṣùgbọ́n oṣù ló ń gbà. Oòrùn ń dá a dúró. Ìpara adènà oòrùn láràárọ̀, SPF (ìwọ̀n bó ṣe ń dí oòrùn tó) 30 sókè. Èyí tó ní iron oxide nínú, tó ní àwọ̀ bíi ti ara, ló dáa jù fún àmì dúdú torí ó ń dí ìmọ́lẹ̀ tí a ń fojú rí náà. Azelaic acid àti adapalene yín yẹn ń ràn án lọ́wọ́ láti ṣí. Àmọ́ irorẹ́ tuntun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá dúró, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó máa nu ilẹ̀ tí òjò ṣì ń rọ̀ sí.

Àbẹ̀kẹ́35

Mo ti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà awọ ara. Mo kọ ti abẹ́ apá síwájú ìwé mi. Mo ti padà sí adapalene, alẹ́ kan fo méjì, ìpara amáwọrọ̀ lókè lódò. Ẹ̀gbẹ́ imú ò bó. Ṣé mo ṣì lè fi àtíkè?

Apoògùn_Tòótọ́

Ẹ lè fi. Èyí tí wọ́n kọ non-comedogenic (tí kì í dí ihò) sí lára ni kẹ́ ẹ rà, ẹ sì fọ̀ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹ máa fọ fóòmù tí ẹ fi ń fi í náà.

Ewé_Ń_Jẹ́

Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ látẹ̀yìn. Mi ò sọ pé mo gbà o. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 17, ẹ̀yìn ẹ̀ ò dáa, kì í bọ́ṣọ lójú èèyàn mọ́. Ọwọ́ ẹ̀ ò dé ibẹ̀ tó fi máa fi ìpara. Kí la lè ṣe sí i?

Apoògùn_Tòótọ́

Ẹ̀gbọ́n mi, benzoyl peroxide tó wà bí ọṣẹ ìwẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà fún un. Kó fi pa ẹ̀yìn nínú balùwẹ̀, kó jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó wá ṣàn án dáadáa. Lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Tó bá ta á jù, kó fo ọjọ́ kan. Ti ojú, 2.5% ti tó, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí 10% níṣẹ́, 10% ló kàn ń ta ni jù. Bí èyí tó wà lẹ́yìn ẹ̀ bá jinlẹ̀, tó ń kó ọyún, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ní kíá, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ 12. Kẹ́ ẹ sì ra táwẹ̀lì funfun fún un, torí oògùn náà máa ń ṣí àwọ̀ aṣọ, ìyá ẹ̀ á bá yín jà.

Ewé_Ń_Jẹ́

Funfun mélòó?

Apoògùn_Tòótọ́

Méjì. Kó máa pààrọ̀ wọn.